Jessy Trémoulière: Ọmọ Olóko Màlúù Tó Di Ọ̀gá Nínú Rọ́gbì Obìnrin

Ọ̀rọ̀ eré ìdárayá ló kàn lọ́tẹ̀ yìí, àmọ́ kì í ṣe bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tí gbogbo wa mọ̀ dunjú. Obìnrin ará Faransé kan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, Jessy Trémoulière lorúkọ rẹ̀, rọ́gbì ló sì gbá. Lọ́dún 2018, World Rugby, ìyẹn àjọ tó ń ṣàkóso eré náà kárí ayé, fi í ṣe obìnrin tó mọ rọ́gbì gbá jù lọ lọ́dún yẹn. Nígbà tó di 2020, wọ́n tún pe orúkọ rẹ̀. Wọ́n ní nínú gbogbo obìnrin tó gbá rọ́gbì ẹlẹ́ni 15 láàárín ọdún mẹ́wàá, òun ni ọ̀gá. Ẹ̀bùn méjèèjì wọlé, obìnrin yìí ò sì kúrò nídìí màlúù. Iṣẹ́ oko ni iṣẹ́ rẹ̀, wàrà ni wọ́n ń fún.

Ohun tó jẹ́ kí n yàn án ni pé àwọn òbí tí mo mọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù níbí máa ń bi mí léèrè. Wọ́n á ní ilé ìwé ti kọ lẹ́tà wá pé ọmọbìnrin àwọn lágbára, ó lè sáré, kí wọ́n jẹ́ kó máa gbá rọ́gbì. Ìbéèrè tó máa ń tẹ̀lé e kì í yí padà: kí ló wà ńbẹ̀? Ṣé ó ń bọ́ èèyàn? Èmi ò mọ ohun tí mo lè fi dáhùn tó dára ju ìgbésí ayé ẹni tó dé òkè téńté nínú rẹ̀ lọ.

Kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé eré náà fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Bọ́ọ̀lù rọ́gbì ò rí roboto, ó gùn bí ẹyin. Wọ́n máa ń gbé e lọ́wọ́ sáré, àmọ́ ẹni tó gbé e ò gbọdọ̀ jù ú síwájú, àfi sẹ́yìn tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tó bá fẹ́ kó lọ síwájú, kó gbé e sáré ni, tàbí kó fi ẹsẹ̀ gbá a. Àwọn alátakò á máa dì mọ́ ọn, wọ́n á gbé e lulẹ̀. Ẹni tó bá gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà tó wà lópin pápá tó sì fi kan ilẹ̀ ti gba àmì 5 fún ẹgbẹ́ rẹ̀, òun ni wọ́n ń pè ní try. Lẹ́yìn try, ẹnì kan á gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀, á gbá a gba àárín òpó méjì tó ga, ìyẹn tún jẹ́ 2. Pẹ́nárítì jẹ́ 3. Ìwọ̀nba yẹn tó láti fi wo eré.

Nọ́ńbà 15 ni Trémoulière sábà máa ń wọ̀, nígbà mìíràn ó máa ń gbá nọ́ńbà 10. Ẹni tó bá wọ 15 ló ń dúró lẹ́yìn pátápátá bí ọdẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò. Bí alátakò bá gbá bọ́ọ̀lù sókè réré, òun ló máa dúró sábẹ́ rẹ̀ kó hán an, nígbà tí obìnrin mẹ́ta mẹ́rin ń sáré bọ̀ wá kọlù ú. Bí ẹnì kan bá já gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, òun nìkan ló kù. Ojú gbogbo èèyàn ló ti ń ṣe àṣìṣe, torí kò sẹ́ni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tó máa bá a tún un ṣe. Fi kún un pé òun náà ló tún máa ń gbá bọ́ọ̀lù sí òpó fún Faransé, ẹ ó rí i pé ọmọ yìí ò ní àyè ìsinmi nínú eré rárá.

Ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 1992 ni wọ́n bí i, ní agbègbè Haute-Loire, láàárín gbùngbùn ilẹ̀ Faransé. Bournoncle-Saint-Pierre lorúkọ abúlé tí oko àwọn òbí rẹ̀ wà, nítòsí ìlú Brioude. Ibẹ̀ jìnnà sí Paris, ó jìnnà sí àwọn ìlú gúúsù bíi Toulouse tí rọ́gbì ti gbajúmọ̀. Màlúù oníwàrà ni ẹbí rẹ̀ ń sìn. Ẹ má ṣe fi wé ti àwọn Fúlàní wa tó ń da ẹran káàkiri inú igbó o. Màlúù oníwàrà ti ilẹ̀ Yúróòpù ní ilé tirẹ̀, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ni wọ́n sì ń fún un lójoojúmọ́. Ẹran yẹn ò mọ Sọ́ńdè, kò mọ Kérésìmesì. Bí o bá jẹ́ kí ìrọ̀lẹ́ kan fò ọ́, ọmú rẹ̀ á wú, àìsàn lè bá a. Ẹni tó bá dàgbà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ti mọ̀ láti kékeré pé kò sí pé ó rẹ̀ mí lónìí.

Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ló kọ́kọ́ gbá, ẹni tó bá sì wo bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń ba bọ́ọ̀lù rọ́gbì á gbà pé ibẹ̀ ló ti kọ́ ọ. Ìgbà tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Brioude ló pàdé rọ́gbì. Láti ibẹ̀ ló ti bọ́ sí ẹgbẹ́ Romagnat, lẹ́bàá ìlú Clermont-Ferrand. Ibẹ̀ ju 50 kìlómítà lọ sí oko wọn, kì í ṣe ibi tí èèyàn ń fẹsẹ̀ rìn lọ. Ó gbá fún ẹgbẹ́ Rennes náà, ní apá ìwọ̀ oòrùn, kó tó tún padà sílé sí Romagnat.

Kí n tó lọ síwájú, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan nípa ilẹ̀ tó ti ń gbá a. Àwọn kan á rò pé torí òyìnbó ni wọ́n, wọn ò ní í ka eré sí ti ọkùnrin nìkan. Irọ́ ni. Lọ́dún 1972, ọ̀gá ìjọba tó ń bójú tó eré ìdárayá ní Faransé, Marceau Crespin, kọ̀wé káàkiri pé rọ́gbì ò yẹ ọmọbìnrin àti obìnrin, pé ó léwu fún ara wọn, kí ẹnikẹ́ni má ràn wọ́n lọ́wọ́ lórí rẹ̀. Àwọn obìnrin náà ò gbọ́, wọ́n ti dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, wọ́n sì ń gbá a lọ. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹfà ọdún 1982, Faransé lọ bá Netherlands gbá ní Utrecht, wọ́n na wọn ní 4-0. Eré yẹn ni wọ́n kà sí àkọ́kọ́ láàárín orílẹ̀-èdè méjì nínú rọ́gbì obìnrin. Àjọ rọ́gbì Faransé ò gba àwọn obìnrin wọlé títí di 1989. Ọdún mẹ́ta péré ló wà láàárín ìyẹn àti ìgbà tí wọ́n bí Trémoulière.

Ọdún 2011 ni wọ́n kọ́kọ́ pè é sínú ikọ̀ orílẹ̀-èdè, kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Lọ́dún 2014, Faransé na gbogbo orílẹ̀-èdè márùn-ún yòókù nínú ìdíje Six Nations. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní Grand Slam, kéèyàn má pàdánù ẹyọ kan ṣoṣo. Lọ́dún kan náà, Faransé gba àlejò Ife Àgbáyé, ní Marcoussis àti ní Paris. Gbogbo ilé ń retí pé ọdún náà ni. Canada ló gbá wọn dúró nínú eré tó ṣáájú àṣekágbá, 18-16. Wọ́n padà na Ireland ní 25-18, wọ́n ṣe ẹ̀kẹta. Ẹ fi ẹ̀kẹta yẹn sọ́kàn, torí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di orúkọ oríkì fún Faransé. Láti ìgbà tí Ife Àgbáyé obìnrin ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1991, wọ́n ti ṣe ẹ̀kẹta léraléra, wọn ò sì tíì gbá àṣekágbá kankan rí.

Nígbà tí Ife Àgbáyé 2017 dé, ní Ireland, ìpalára ò jẹ́ kó lọ. Wọ́n lọ láìsí i, England na wọn ní 20-3 ní Belfast, ẹ̀kẹta náà ni wọ́n tún mú bọ̀. Òun wà nílé.

Ẹ wá gbọ́ ti 2018.

Lọ́jọ́ 10 oṣù Kẹta, Faransé gba àlejò England ní pápá Stade des Alpes ní Grenoble. Èrò 17,440 ló wọlé, kò sì tíì sí eré Six Nations obìnrin tó kó irú èrò bẹ́ẹ̀ jọ rí lásìkò yẹn. Ìkọ̀ méjèèjì ò tíì pàdánù lọ́dún náà, nítorí náà gbogbo èèyàn mọ̀ pé ẹni tó bá yege níbẹ̀ ló máa gbé ife. England ṣíwájú títí eré fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ìṣẹ́jú péréte ló kù nígbà tí Trémoulière fi gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà. Faransé 18, England 17. Mo ti wo try yẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu nínú rẹ̀ ni pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti ṣọ́ ẹ̀yìn ni, òun náà ló sì yọ síwájú nígbà tí gbogbo ẹsẹ̀ ti rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà, wọ́n lọ sí Colwyn Bay ní Wales, wọ́n na wọ́n ní 38-3, Grand Slam mìíràn ti wọlé.

Kò tán síbẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, ikọ̀ New Zealand wá sí Faransé. Àwọn yẹn ni wọ́n ń pè ní Black Ferns, àwọn ló gba Ife Àgbáyé 2017, Faransé ò sì tíì nà wọ́n rí láyé. Ní Toulon, New Zealand yege ní 14-0. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ 17, ní Grenoble kan náà, Faransé na wọ́n ní 30-27. Ọjọ́ 25 oṣù yẹn ni wọ́n ṣe ayẹyẹ ẹ̀bùn World Rugby ní Monaco, tí wọ́n sì pe Trémoulière. Láti 2001 tí wọ́n ti ń fún obìnrin ní ẹ̀bùn náà, ará Faransé kankan ò gbà á rí. Ẹni tó gba ti ọkùnrin lálẹ́ ọjọ́ kan náà ni Johnny Sexton, ọmọ Ireland.

Ibí yìí lọ̀rọ̀ ti dùn mí díẹ̀. Àwọn méjì dúró lórí pèpéle kan náà, wọ́n gba ẹ̀bùn kan náà. Ọ̀kan ti ń fi rọ́gbì jẹun láti ìgbà èwe rẹ̀, owó iṣẹ́ rẹ̀ tó o, ó ṣẹ́kù. Èkejì padà sí oko ẹbí rẹ̀ láti lọ máa bójú tó màlúù. Oṣù Kọkànlá 2018 yẹn gan-an ni àjọ rọ́gbì Faransé ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fún obìnrin 24 nínú ikọ̀ ẹlẹ́ni 15 ní ìwé àdéhùn iṣẹ́. Àbọ̀ iṣẹ́ sì ni. Wọ́n máa san owó ìdajì àsìkò, kí oníkálukú fi ìdajì yòókù ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tàbí kó kàwé. Nínú ikọ̀ yẹn, ẹnì kan á máa kàwé, ẹnì kan á máa bá àwọn ọmọ tó nílò ìtọ́jú ṣiṣẹ́, Trémoulière á wà nídìí màlúù. England ṣe tiwọn lọ́nà mìíràn: láti oṣù Kìíní 2019, obìnrin 28 ni wọ́n gbà síṣẹ́ rọ́gbì lódidi, kí wọ́n má ṣe nǹkan mìíràn.

Ẹ lè rí èso ìyàtọ̀ yẹn fúnra yín. Láti 2019 títí di 2025, ọdọọdún ni England ń gba ife Six Nations. Nígbà mìíràn, Faransé máa ń sún mọ́ wọn pẹ́kípẹ́kí, àmì mélòó kan ló máa ń kù, wọn ò sì rí i gbà. Èmi ò sọ pé owó nìkan ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó fún wàrà láàárọ̀, tó wakọ̀ lọ gbá bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́, kò lè ní ara kan náà pẹ̀lú ẹni tó sùn dáadáa tó jí sáré. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé àwọn kan ní Faransé fẹ́ràn àbọ̀ iṣẹ́ yẹn. Wọ́n ní ó jẹ́ kéèyàn ní ilé tó máa padà sí nígbà tí orúnkún bá kọṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn náà ní ọgbọ́n nínú. Ayọ̀ọlá Erinle, ọmọ wa tí wọ́n bí ní Èkó, tó gbá rọ́gbì fún England lọ́dún 2009, kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ dókítà ojú kó tó di gbajúmọ̀, kò jẹ́ kí bọ́ọ̀lù lé ìwé lọ.

Ní ọdún 2020, àrùn Kòrónà ti pápá pa. Lópin ọdún náà ni World Rugby kéde àwọn tó ta yọ láàárín ọdún mẹ́wàá. Alun Wyn Jones, ọmọ Wales, ni ti ọkùnrin, Trémoulière ni ti obìnrin. Lọ́dún 2021, Romagnat gba ife orílẹ̀-èdè Faransé fún ìgbà àkọ́kọ́, Blagnac ni wọ́n nà nínú àṣekágbá. Ẹni tó bá mọ bí ìlú Romagnat ṣe kéré tó á mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Mo rò pé ife yẹn á dùn mọ́ ọn nínú ju ẹ̀bùn Monaco lọ, torí ilé ni ilé ń jẹ́.

Ife Àgbáyé tó yẹ kó wáyé ní 2021 ni wọ́n sún sí 2022, ní New Zealand. Trémoulière wà nínú ikọ̀ tó lọ. Ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá, ní Eden Park ní Auckland, Faransé àti onílé kojú nínú eré tó ṣáájú àṣekágbá. New Zealand 25, Faransé 24, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù, Faransé rí pẹ́nárítì gbà. Caroline Drouin gbá a, bọ́ọ̀lù gba ẹ̀gbẹ́ òpó kọjá. Àmì kan ṣoṣo! Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n na Canada ní 36-0, ẹ̀kẹta ni wọ́n tún mú bọ̀ wá sílé. Mo gbọ́ tí àwọn kan ń bú Drouin nígbà yẹn, kò sì bójú mu. Ẹ̀yin ẹ lọ dúró síbẹ̀ kí ẹ gbá a wò.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 ni Trémoulière sọ pé tí Six Nations ọdún náà bá ti parí, òun ò ní gbá fún Faransé mọ́. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni. Eré tó gbẹ̀yìn bọ́ sí ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin, ní Twickenham níbí, England ni wọ́n tún bá pàdé. Èrò 58,498 ló wà nínú pápá, kò sì tíì sí eré rọ́gbì obìnrin tó kó èrò tó bẹ́ẹ̀ jọ rí. Mo wò ó lórí BBC. Nígbà tí wọ́n fi lọ ìsinmi àárín eré, England ti ní 33, Faransé ò ní nǹkan kan. Èmi ti ń wá ohun mìíràn tí mo máa wò. Ní abala kejì, ọ̀rọ̀ yí padà, àwọn obìnrin Faransé bẹ̀rẹ̀ sí gbé try lé try. Nígbà tí rẹfirí fi fọn fèrè, 38-33 ni. England ló gbé ife, Faransé ló gba ọkàn àwọn tó ń wò. Trémoulière fi pápá sílẹ̀ lẹ́yìn eré tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 80 fún orílẹ̀-èdè rẹ̀, nínú ọdún méjìlá.

Kò rí Ife Àgbáyé gbà, kò gbá àṣekágbá rẹ̀ rí. Ẹni tí àwọn onímọ̀ fi ṣe ọ̀gá ọdún mẹ́wàá, ẹ̀kẹta ni ibi tó ga jù tó dé nínú ìdíje tó tóbi jù. Mi ò mọ eré mìíràn tí irú rẹ̀ ti wọ́pọ̀. Fún ẹ̀yin òbí tó bi mí, ohun tí mo lè sọ nìyí: títí di 2023 tó fi pápá sílẹ̀, rọ́gbì nìkan ò bọ́ obìnrin tó mọ̀ ọ́n gbá jù ní Faransé. Ní England níbí, ó ń bọ́ àwọn tó dé ikọ̀ orílẹ̀-èdè, àwọn yẹn ò sì pọ̀. Ọmọ tó bá máa gbá a, kó gbá a, kó má jù ìwé sílẹ̀. Kí ìyá rẹ̀ sì béèrè lọ́wọ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá ohun tí wọ́n ń ṣe tí ọmọ bá forí gbá, torí ọ̀rọ̀ orí ni olórí ewu nínú eré yìí.

Iye èrò Twickenham yẹn ò sí lókè mọ́. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, nínú pápá kan náà, èrò 81,885 wá wo àṣekágbá Ife Àgbáyé, England na Canada ní 33-13. Faransé ti pàdánù sọ́wọ́ England ní Bristol nínú eré tó ṣáájú, 35-17, nígbà tí wọ́n sì wá bá New Zealand du ipò kẹta, 42-26 ni wọ́n nà wọ́n. Ẹ̀kẹrin ni wọ́n ṣe lọ́tẹ̀ yẹn. Morgane Bourgeois ló ń wọ nọ́ńbà 15, òun náà ló sì ń gbá bọ́ọ̀lù sí òpó.